Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Jáde Lọ Kí Òjò

Mo ṣì kéré, n kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi wá bá wa gbé ní Bronx. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè mí ní Grandma ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Parkchester, ẹ máa ń ní kí n sọ ìtàn ìgbà èwe mi fún yín, àwọn èyí tó dùn ni mo sì máa ń mú sọ: yìnyín tí a fi ń ju ara wa, bí a ṣe ń fún ara wa mọ́ inú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi tí wọ́n máa ń súfèé bí wọ́n bá ń fọ takisí wọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò dùn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé e sínú. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má sì tètè bínú sí mi, nítorí mo ti bínú sí ara mi tó.

Nígbà náà, àwa Yorùbá tó wà ní Bronx kò tó nǹkan. Lónìí, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Parkchester, ẹnì kan á ti kí yín ní "ẹ káàárọ̀ mà" kí ẹ tó ráyè jókòó. Ní ìgbà tiwa, bí bàbá mi bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnì kan lójú títì, ńṣe ni wọ́n á sáré lọ dì mọ́ onítọ̀hún bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Soundview ni à ń gbé, ní àjà keje nínú ilé gogoro kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló yí àgbàlá kan ká, koríko díẹ̀ àti igi mẹ́rin sì wà láàrin àgbàlá náà. Bàbá mi ń wa takisí lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé lálẹ́. Ìyá mi ń bá wọn tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan tó jìnnà sílé. Kò sẹ́ni tí yóò wà nílé bí mo bá ti ilé ìwé dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ìyá Àgbà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Abẹ́òkúta. Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa, n kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Ní ilé ìwé, wọ́n ti bi mí léèrè bóyá orí igi ni à ń sùn nílùú wa, wọ́n ti fi orúkọ mi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí mo fi ní kí tíṣà máa fi orúkọ òyìnbó tó wà nínú ìwé ìrìbọmi mi pè mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí n jọ àwọn yòókù. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọbìnrin gíga kan tí ilé wọn dojú kọ tiwa, tí gbogbo kíláàsì máa ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn lọ sílé, inú mi á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nínú òtútù oṣù kìíní ni Ìyá Àgbà dé. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù bàbá mi sórí ìró wọn, ó wọ́ nílẹ̀. Bí a ṣe ń gba àgbàlá náà kọjá lọ sínú ilé, wọ́n dúró, wọ́n ń wo igi mẹ́rin yẹn tí kò ní ewé kankan lórí.

"Kí ló pa wọ́n?" wọ́n bi mí.

"Wọn ò kú, mà. Òtútù ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò kú?"

Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, Ìyá Àgbà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí igi, wọ́n á fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ láti wò ó bóyá ó tutù nínú. Àwọn ará ilé ń rí wọn. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé ìwé kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi pẹ̀lú wọn. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, wọ́n sáré gòkè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ní kí gbogbo wa jáde wá wò ó. Ọmọ ewé ti yọ lórí ẹ̀ka kan, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sórí koríko tútù, wọ́n ń dúpẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀ tì wọ́n. Èmi wo òkè, mo ń wo àwọn fèrèsé, mo ń ka ojú tó ń wò wá.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí òjò. Òjò ti ń rọ̀ ní Bronx kí ó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní èyí tí kò bá àrá wá kò sí nínú kíkà. Ní abúlé wọn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Abẹ́òkúta, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti parí tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé pẹ̀lú àrá, kò sẹ́ni tó ń sá wọlé. Obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé ni yóò gbé igbá tàbí abọ́ ńlá sí àárín àgbàlá, yóò ṣí orí sílẹ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi ń kí òjò káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi oríkì pe àwọn ọmọ ilé níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá pè yóò sáré wá, obìnrin náà yóò bu omi òjò náà sí i lórí, yóò bá orí ọmọ náà sọ̀rọ̀ pé kí ọdún tó ń bọ̀ yìí tù ú lára. Ọmọ yóò ṣe àmín, yóò gba hóró àgbàdo mẹ́ta, yóò rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá ti ń bínú síra wọn láti inú ẹ̀ẹ̀rùn, inú òjò yẹn náà ni wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn, torí wọ́n gbà pé èèyàn kò gbọdọ̀ gbé ìbínú ọdún tó kọjá wọnú oko tuntun. Ìyàálé Ìyá Àgbà ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ti kú, ó wá kan Ìyá Àgbà. Àgbàdo tí wọ́n fẹ́ lò, etí ìró ni wọ́n di í sí kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé lásìkò yẹn gan-an ni tíṣà wa sọ fún wa pé a ó ṣe àjọyọ̀ ìgbà ìrúwé ní ilé ìwé. Wọ́n á ri ọ̀pá gíga kan mọ́lẹ̀ ní pápá, wọ́n á so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọn, àwọn ọmọ á máa jó yí i ká, bí àwọn baba ńlá tíṣà náà ti ń ṣe ní ìlú tí wọ́n ti wá. Ó ní kí oníkálukú lọ bèèrè nílé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń kí ìgbà tuntun káàbọ̀. N kò bèèrè. Ìyá mi ló rí ìwé náà nínú báàgì mi, àwọn ló túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà.

Ẹ ò rí ayọ̀ tó wọ ojú màmá yẹn! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń kọ́ mi ní orin náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń dúró kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi wà nínú ìwé, ọwọ́ mi ń lọ. Òdòdó ni mo ń yà.

"Ṣé kí n bá ọ lọ sílé ìwé ọ̀hún?" ni wọ́n wí. "Màá kọ ọ́ fún tíṣà yín kó gbọ́."

Mo sáré ní rárá, mo ní wọn kì í gba àlejò.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé tí mo fún tíṣà kò ju ìlà kan lọ. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ní ìlú tí àwọn òbí mi ti wá, kò sí ìgbà ìrúwé, nítorí náà a kì í ṣe nǹkan kan. Tíṣà kà á sókè, ó sì wò mí pẹ̀lú àánú. Nígbà tí mo délé, ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Àgbà ti ń dúró dè mí.

"Kí ni tíṣà sọ?"

"Ó ní ó dára, mà."

"Hóró mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ṣé ó bi ọ́ pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta?"

"Ó ní ó dára."

Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n lọ gbé oúnjẹ mi wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé oúnjẹ náà gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ni òjò náà dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹn pẹ̀lú ọmọbìnrin mìíràn ń bọ̀ láti ilé ìwé, ojú ọ̀run ṣú dùdù lójijì. Bí a ṣe wọ àgbàlá ni àrá sán, òjò sì dà bí ẹni tú u. A sáré lọ sábẹ́ òrùlé tó yọ síta níwájú ilé ọ̀rẹ́ mi. Àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá ti wà níbẹ̀, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ilé tiwa ṣí, tí Ìyá Àgbà jáde.

Wọn ò wọ bàtà, wọn ò wé gèlè. Irun wọn funfun, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Abọ́ ńlá tí ìyá mi fi ń fọ ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbé lọ́wọ́, wọ́n sì ń rìn pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rìn lọ síwájú pẹpẹ. Wọ́n gbé abọ́ náà ka orí koríko láàrin àwọn igi mẹ́rin yẹn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn náà kì í ṣe ohùn arúgbó. Ó gba inú òjò kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa ketekete. Bí ẹ bá bi mí lónìí, màá sọ pé n kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni gbogbo ara mi ń gbóná.

Ẹnì kan lẹ́yìn wa sọ pé, "Ẹ wò ó, obìnrin yìí ti ya wèrè." Ẹ̀rín bú. Ọ̀rẹ́ mi di apá mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ni Ìyá Àgbà bá rí mi. Ojú wọn tàn. Wọ́n bu omi sí ọwọ́, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n sì fi oríkì mi pè mí, oríkì tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń fi pè mí nílé wa. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fà á gùn nígbà kẹta bí ìgbà tí a bá ń pe ọmọ tó wà lókè odò.

"Ìwọ ló ń wò," ọ̀rẹ́ mi wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ó dà bí ẹni pé ó ń pe orúkọ ẹnì kan."

"N kò gbọ́ èdè tó ń sọ."

Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àwọn ilé náà fi dé pẹ̀lú agbòòrùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ń rọra bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò gbọ́ tiwọn. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí mi. "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn," wọ́n ń wí ní Yorùbá. "Ẹ bi í. Ọmọ mi nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í." Ẹ̀ṣọ́ náà wo ibi tí ìka náà tọ́ka sí, ó rìn wá sábẹ́ òrùlé, ó dúró níwájú mi gan-an.

"Ọmọ, ṣé èèyàn rẹ ni màmá yìí?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo mi orí pé rárá.

N kò tiẹ̀ la ẹnu. Bóyá bí mo bá la ẹnu ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ì bá má yé Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n orí tí èèyàn mì pé rárá, kò sí ibi tí kò ti yé ayé. Mo rí ọwọ́ wọn bí ó ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn dà sílẹ̀. Wọn ò pè mí mọ́, wọn ò sì kọrin mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ náà pe ọkọ̀ áńbúláǹsì. Àwọn méjì tó bá ọkọ̀ náà wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo Ìyá Àgbà, ẹ̀ṣọ́ sì na agbòòrùn rẹ̀ sórí wọn, orí tí wọ́n dìídì ṣí sílẹ̀ fún òjò. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fẹ́ gbé abọ́ ìyá mi, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà padé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wọlé lọ. Mo jẹ bísíkíìtì nílé wọn, mo wo tẹlifíṣàn, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń sín Ìyá Àgbà jẹ, tó na ọwọ́ sókè láàrin pálọ̀.

Aago márùn-ún ni mo tó lọ sílé wa. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Lórí tábìlì, Ìyá Àgbà ti to hóró àgbàdo mẹ́ta sínú àwo kékeré kan. Àwo kan péré ni, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé wọn ní Bronx.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé. "Màmá dà?"

"N kò mọ̀, mà. Mo bá ilé lófo."

Bàbá mi dé, wọn ò tiẹ̀ jókòó. Àwọn méjèèjì ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ìyá mi ń sunkún, wọ́n ń sọ pé, "Yéè, mo ti sọ ìyá mi nù sílùú onílùú." Mo jókòó ti àwo àgbàdo náà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin ará Puerto Rico kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa, abọ́ ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú òun, pé ọkọ̀ áńbúláǹsì ti gbé màmá lọ. Ó wò mí, ó yà á lẹ́nu. "Ọmọ yín wà níbẹ̀," ó sọ fún bàbá mi. "Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dúró."

Bàbá mi yí ojú sí mi. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀.

Orí ibùsùn kan ní ọsibítù ni a ti bá Ìyá Àgbà. Wọ́n wọ aṣọ ọsibítù tó fẹjú lẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Mo kà á: obìnrin tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá mi dì mọ́ wọn, ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bàbá mi ló mú mi ní èjìká, tí wọ́n fà mí wá síwájú ibùsùn náà.

"Ṣé o rí Màmá nínú òjò, àbí o ò rí wọn?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá Àgbà ti dáhùn.

"Kò rí mi."

"Màmá, obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ní ó wà níbẹ̀."

"Òjò yẹn pọ̀, ilẹ̀ sì ṣú. Níbo lọmọdé ti fẹ́ rí mi? Mo ní kò rí mi." Wọ́n sọ ọ́ láìwò mí. Bàbá mi fi èjìká mi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ títí bàbá àti ìyá mi fi fi ayé sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá nà mí lọ́jọ́ náà, bóyá ọgbẹ́ rẹ̀ ì bá ti jinná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà gbé oúnjẹ mi ka iwájú mi, wọ́n sì pè mí láti wá jẹun. Orúkọ òyìnbó mi ni wọ́n fi pè mí. Wọn ò pè é rí. Ó wúwo lẹ́nu wọn, wọ́n ń pè é díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tu egungun ẹja. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ẹ̀rín wọn sì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń di irun mi, wọ́n ń bu omi ìwẹ̀ fún mi, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún mi tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò kàn fi oríkì pè mí mọ́ láéláé. Ó dà bí ẹni pé mo sọ fún wọn ohun tí mo fẹ́ jẹ́, wọ́n sì fún mi.

Mo gbìyànjú láti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ dúró tì wọ́n. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà..." Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, ó padà. Wọ́n ní, "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n sọ fún àwọn òbí mi pé àwọn fẹ́ padà sílé, pé òtútù yóò pa àwọn. Oòrùn ń jó wa lórí lásìkò yẹn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè òtútù tí wọ́n ń sọ. Ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, ariwo ẹ̀rọ tó ń pe àwọn èrò kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ojú tì mí láti ní kí wọ́n tún un sọ. Mo wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti jáde láyé. Igbe ìyá mi gba gbogbo ilé kan. Mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara mi, mo wo ojú mi nínú dígí, omi ojú kò wá.

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Bronx níbí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé arúgbó kan wọlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè rẹ̀, mo máa ń fi ohun gbogbo sílẹ̀ lọ bá a. Màá di ọwọ́ rẹ̀ mú, màá máa wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ láti àjà dé àjà, n kò ní lọ sílé títí èèyàn rẹ̀ á fi dé. Àwọn ọ̀gá mi yìn mí, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò. Wọ́n ní mo láàánú. N kò jiyàn. Àmọ́ n kò gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri, inú àpótí lábẹ́ ibùsùn ló wà.

Ayé ti yí padà gan-an. Bí igi bá ti ń rúwé nísinsìnyí, ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde káàkiri Bronx pẹ̀lú àṣà wọn. Àwọn kan ń da àtíkè aláràbarà síra wọn lára, àwọn kan ń fo iná, àwọn kan ń gbé ère kiri pẹ̀lú òdòdó, kò sẹ́ni tó ń pe ọkọ̀ áńbúláǹsì. Fóònù ni àwọn tó ń kọjá ń yọ, wọ́n fẹ́ yà á, wọ́n á sì bèèrè bóyá àwọn lè bá wọn ṣe. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀ ń wọ àdìrẹ lọ sílé ìwé. Orúkọ yín, pẹ̀lú gígùn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ tíṣà yín bí yóò ṣe pè é. Àmì ohùn yín kì í sábà bọ́ sí i, ẹ̀ ń pe ọkọ́ ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n orí yín wà lókè bí ẹ bá ń sọ ọ́. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá máa wò yín, ojú á sì máa tì mí fún ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà.

Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, àwọn ìyá yín kó yín jọ sórí koríko ní Parkchester kí ẹ lè kọ́ àṣà ilé. Wọ́n wá bá mi nílé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a gbọ́ pé ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, wọ́n ní orin tí wọ́n fi ń kí òjò àkọ́rọ̀. Ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ." N kò lè sọ pé rárá. Mo pe ìbátan mi kan ní Abẹ́òkúta lórí fóònù, mo bi í bóyá ẹnì kan ṣì mọ orin náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní agbo ilé yẹn ti di ilé epo, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká. "Ìwọ ni wọ́n bá gbé ní Amẹ́ríkà," ló wí. "A rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà."

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá a nínú orí mi. Mo rántí bí wọ́n ṣe na ọwọ́. Mo rántí irun wọn. Orin náà, ọ̀rọ̀ kan kò jáde níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo dúró níwájú yín, ẹ ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀ ń wo ẹnu mi. Mo sọ fún yín pé orin náà ti sọnù. Ọmọbìnrin kékeré kan láàrin yín, tí eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́, na ọwọ́ sókè, ó ní, "Grandma, ta ló sọ ọ́ nù?"

Àwọn ìyá yín rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń dá yín lára yá ni, ẹnì kan sì pàtẹ́wọ́ pé kí a tẹ̀ síwájú. N kò ní ìgboyà láti ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ọmọ náà lè kà á bí ó bá dàgbà, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe eré ni mo ṣe.